Ilé Ni Mo Pè, Ulé Ló Ń Jẹ́

Ètò kọ̀ǹpútà tó ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ Ajé kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́rú, bẹ́ẹ̀ Ọdúntán ò fọwọ́ kan lẹ́tà kan nínú apá tirẹ̀. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní iléèwé kọ̀ǹpútà Ọ̀gbẹ́ni Cornelius Awóníyì, ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Ó ní kí ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan jáde lójú ẹ̀rọ:

NoSuchMethodError: kaIle

Ó tún un ṣe. Ìlà kan náà tún jáde.

"Kí ló wí?" Sikirat bèèrè láti ìdí tábìlì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Sikirat ló ń gba àlejò níbẹ̀, òun náà ló ń bá àwọn ará ìta tẹ ìwé.

"Ó ní òun ò rí kaIle."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kì í ṣe ènìyàn. Mẹ́tọ́ọ̀dù ni. Orúkọ tí a fún iṣẹ́ kan nínú ètò ni. Bí apá tèmi bá ti pe orúkọ yẹn, apá Ìwàlẹwà ló yẹ kó jẹ́ ẹ, kó ka iye ilé tí àwọn olóògùn àjẹsára ti dé."

"Tìẹ pè, tirẹ̀ ò dáhùn."

"Kò dáhùn."

"Ẹni tó ni ín gan-an ò kúkú dáhùn mọ́," ni Sikirat wí, ó sì yí padà sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọdúntán ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọdún 1999 ni. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Java ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Òṣogbo, ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo kíláàsì fi ń kọ́ ọ sì ti já lẹ́yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní agbègbè Òṣú fẹ́ ohun tí yóò máa sọ fún wọn pé ilé báyìí ni a ti dé, ilé báyìí ló kù. Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì gba iṣẹ́ náà, ó sì pín in fún méjì nínú àwọn tó gbọ́njú jù nínú kíláàsì. Ọdúntán, ọmọ Ọ̀fàtẹ̀dó, ló ń ṣe apá tí ènìyàn máa rí lójú ẹ̀rọ. Ìwàlẹwà, ọmọ Iléṣà, ló ń ṣe apá tó ń ka ilé.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọn yóò lọ fi han àwọn ará Òṣú. Bó bá ṣiṣẹ́, àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa bójú tó o níbẹ̀, tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn ará Ìbàdàn kan ti wà nílẹ̀ tí yóò gbà á, ẹ̀gbọ́n Ìwàlẹwà tó wà l'Ékòó sì ti ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun kó wá ríṣẹ́ gidi ṣe. Ìyẹn nìkan ni Ọdúntán ń rò. Kò tíì sọ fún ọmọbìnrin náà pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ń tọ́jú ọ̀rọ̀ náà de ọjọ́ Ẹtì, ó fẹ́ kí ètò ṣiṣẹ́ ná, kí gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, kí Ìwàlẹwà rẹ́rìn-ín kí èjí rẹ̀ hàn, kí òun wá sọ ọ́.

Ìwàlẹwà ò sì wá lọ́jọ́rú. Ó ránṣẹ́ láti Iléṣà pé kí wọ́n máa bọ̀ ní Òṣú, òun yóò bá wọn níbẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ kò ju dísíkẹ́ẹ̀tì kan lọ, tó gbé sórí tábìlì Sikirat ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ó ní àtúnṣe ìkẹyìn ni," Sikirat ti sọ fún Ọdúntán. "Ó ní kí n bá òun fún ọ."

"Kò sọ nǹkan mìíràn?"

"Kí lo tún fẹ́ kó sọ?"

Fáìlì tí a ti kọ̀ǹpáìlì nìkan ló wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì náà. Nígbà tí ènìyàn bá kọ ètò tán, ó ṣeé kà bí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò lè lò ó bẹ́ẹ̀, a ní láti kọ̀ǹpáìlì rẹ̀, kó yí padà sí irú èyí tí ẹ̀rọ ń lò. Èyí tí ẹ̀rọ ń lò yẹn ni Ìwàlẹwà fi sílẹ̀. Èyí tí ojú lè kà, kò fi í síbẹ̀. Ọdúntán gbé e sórí ti tẹ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́rú, àṣìṣe sì bẹ̀rẹ̀.

Dísíkẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbọ̀n ọ́n nù, ó tún fáìlì náà gbé. Kò yí padà. Ó ní bóyá kòkòrò tó ń ba ètò jẹ́ ti wọ ẹ̀rọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí kòkòrò. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Ó wá ṣí èyí tí ojú lè kà, ìwé tí Ìwàlẹwà kọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tó ṣì wà nínú ẹ̀rọ, ó wá ibi tí mẹ́tọ́ọ̀dù náà wà. Ó rí i. kaIle. Ó jókòó rẹ́rẹ́ láàárín ìwé, kò sá lọ síbì kankan.

"Ó wà níbí!" ni Ọdúntán pariwo. "Mo ń wò ó lójú báyìí! Báwo lo ṣe ní o ò rí i?"

"Bá a wí dáadáa," Sikirat ní. "Àwọn Pásítọ̀ máa ń pariwo mọ́ ẹ̀mí àìmọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó rò ó wò pé bóyá lẹ́tà ló jọra. Nínú irú ìkọ̀wé yẹn, I ńlá àti l kékeré dà bí ìbejì. Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀ nínú ìwé Ìwàlẹwà, ó tọ́jú rẹ̀. Kò mú nǹkan kan wá. NEPA sì mú iná lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì wọlé nígbà tí wọ́n ń fa jẹnẹrétọ̀. Ọkùnrin kúkurú ni, ó máa ń so táì kódà bí oòrùn bá ń sun ènìyàn.

"Ọdúntán, ibo la bá a dé?"

"Ẹ̀ ń wò ó, sà. Apá ti Ìwàlẹwà ló níṣòro."

"Tìẹ ńkọ́?"

"Tèmi pé, sà. Láti ọjọ́ Ajé ló ti pé."

"Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án, sà."

Ọ̀gá wò ó díẹ̀. "Mo ti gbé ti ọjọ́ Ajé lọ sórí kọ̀ǹpútà wọn ní Òṣú. Mi ò ní fi ìyẹn hàn wọ́n o, ó máa ń ka ilé tó ní ilẹ̀kùn méjì ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìwàlẹwà ló ní òun ti tún ìyẹn ṣe. Tirẹ̀ tuntun ni mo fẹ́." Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Bí kò bá ṣiṣẹ́, má jẹ̀ẹ́ kí n dé Òṣú. Kí n kúkú jókòó sílé mi."

Lọ́jọ́bọ̀, Ọdúntán ti débẹ̀ kí Sikirat tó ṣílẹ̀kùn. Ó ti rántí nǹkan kan nígbà tó wà lórí ọ̀kadà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ọ̀gá ti sọ fún wọn pé ìwé tí ènìyàn kọ kọ́ ni ẹ̀rọ ń ṣe, bí kò ṣe èyí tí a ti kọ̀ǹpáìlì. Bí àwọn méjèèjì bá ń takora, ìwé ló ń parọ́. Àṣẹ kan sì wà tí a lè fi bi fáìlì tí a ti kọ̀ǹpáìlì léèrè pé, àwọn orúkọ wo lo ń jẹ́? Wọ́n ti lò ó lẹ́ẹ̀kan rí nínú kíláàsì, kò sì sẹ́ni tó kà á sí.

Ó tẹ javap, ó fi orúkọ fáìlì Ìwàlẹwà tẹ̀lé e.

Ẹ̀rọ dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan:

kaUle
samiUle
uleToKu

Ọdúntán wò ó títí. Sikirat tó ń gbálẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ̀ lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn? Ulé?"

"Ulé."

Àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, kaUle ni Ìwàlẹwà kọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé, ọwọ́ rẹ̀ kàn tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ọdúntán ló rí i tó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ, ṣé kọ̀ǹpútà gbọ́ Ìjẹ̀ṣà ni? Kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé." Ìwàlẹwà náà rẹ́rìn-ín, ó yọ ahọ́n sí i, ó sì yí i padà sí ile. Ìyẹn ò di nǹkan kan. Ọdúntán tilẹ̀ rò pé ìfẹ́ ti ń wọ̀ ọ́ bọ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni bàbá rẹ̀ wá. Àgbẹ̀ olóbì ni, oko rẹ̀ wà lọ́nà Ifẹ̀wàrà. Ó bá ọkọ̀ wá tajà ní Òṣogbo, ó ní kí òun yà kí ọmọ òun. Ó gbé obì àbàtà fún ọ̀gá nínú ewé. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì díẹ̀, ó sì dìde, ó ní kí wọ́n má bínú, òun fẹ́ tètè dé ulé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí uṣu tí òun kó síta. Ìwàlẹwà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọdúntán fẹ́ pa kíláàsì lẹ́rìn-ín. Ó ju aṣọ ìnukọ̀ǹpútà sí èjìká, ó tẹ ẹ̀yìn, ó fọwọ́ di ìbàdí mú. "Ulé o! Ẹ jẹ́ n lọ ulé o! Uṣu mi ń bẹ níta o!" Kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Sikirat rẹ́rìn-ín títí ó fi mú tábìlì. Ìgbà tí Ọdúntán yí padà ló rí Ìwàlẹwà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò mọ ìgbà tó ti dúró síbẹ̀.

Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń tẹ nǹkan títí gbogbo ènìyàn fi lọ. Ọdúntán rò pé iṣẹ́ ló pọ̀.

"Ó bu ẹnu àtẹ́ lù ọ́ láìsọ̀rọ̀," Sikirat wí nísinsìnyí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Wálàhí, èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn."

"Ó gba ulé rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi ni."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

Ọ̀nà méjì ló wà, kó yí apá tirẹ̀ padà tàbí kó yí ti Ìwàlẹwà, èyí ìkẹyìn ló sì rọrùn jù. Ìwé àtijọ́ Ìwàlẹwà wà nínú ẹ̀rọ, ilé ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ ilẹ̀kùn méjì náà ò sì ju ìlà mélòó kan lọ; Ọdúntán lè kọ ọ́ sí i fúnra rẹ̀, kó kọ̀ǹpáìlì rẹ̀, kó fi bo ti Ìwàlẹwà mọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ yóò ṣiṣẹ́. Kò sí ará Òṣú kankan tí yóò mọ̀. Ìwàlẹwà nìkan ni yóò mọ̀, ìgbà kejì tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

"Èwo ló yá jù?" Sikirat bèèrè.

"Kí n pa tirẹ̀ rẹ́."

"Èwo lo fẹ́ ṣe?"

Ọdúntán ṣí ìwé tirẹ̀, èyí tó pé láti ọjọ́ Ajé. Kò tíì yí ohunkóhun padà tó fi ní kí ẹ̀rọ tún un kọ̀ǹpáìlì, kó lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ tó. Ẹ̀rọ náà bá a wí láti òkè délẹ̀: kò sí kaIle, kò sí samiIle, kò sí ileToKu, kò sí kaIle. Gbogbo ibi tó ti pè é ní ilé ló fi hàn án. Ká ní ó ti bi apá tirẹ̀ léèrè láti ọjọ́rú, ibẹ̀ ni ìbá ti gbọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn padà. Bó bá ti tẹ ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ a sọ ọ́ jáde pẹ̀lú.

"Ulé. Ulé. Ulé tó kù."

"Ṣé Ìjẹ̀ṣà lo wá ń kọ́ ni?" Sikirat ní.

"Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ mi."

"Ó ti wá gbọ́ Ìjẹ̀ṣà nígbà náà."

Ó kọ̀ǹpáìlì, ẹ̀rọ ò wí nǹkan kan. Ó ní kí ètò bẹ̀rẹ̀, ilé gbogbo sì tò sójú ẹ̀rọ, àwọn tí wọ́n ti dé àti àwọn tó kù.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mọ́tò tí Ọdúntán wọ̀ bẹ́ táyà kó tó dé Iléṣà, awakọ̀ ò sì ní àfikún. Nígbà tó fi dé Òṣú, aṣọ rẹ̀ ti di ti oníbíríkì. Ilé iṣẹ́ àwọn olóògùn kún. Ìyáàfin Oyèṣọlá, àgbà nọ́ọ̀sì tó ń darí àwọn olóògùn, jókòó síwájú, ó gbé báàgì lé itan, Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì dúró tì í, táì rẹ̀ ti yí sí ẹ̀gbẹ́. Ìwàlẹwà ló wà nídìí kọ̀ǹpútà.

Ó ti débẹ̀ ṣáájú. Ọ̀gá ti ní kó gbé apá tirẹ̀ tuntun sórí ẹ̀rọ náà, kí wọ́n máa gbìyànjú rẹ̀ de Ọdúntán. Ó gbé e síbẹ̀. Apá Ọdúntán tó sì wà lórí ẹ̀rọ náà, ti ọjọ́ Ajé ni. Ọdúntán ò tíì kí ẹnikẹ́ni tó ti rí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ:

NoSuchMethodError: kaIle

Ìwàlẹwà ń wò ó láìṣẹ́jú. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ó ń ka nǹkan.

"Ìwàlẹwà, kí ni kò rí?" ọ̀gá bi í.

"Sà, èmi ni mo yí—"

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ kú ìjókòó, sà," Ọdúntán kígbe láti ẹnu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú eruku ara rẹ̀. "Kò sí ohun tó ṣe é, sà. Tèmi ló ti gbó. Èyí tó wà níbẹ̀, ti àtijọ́ ni."

"Ìwọ lo ní tìẹ pé," ni ọ̀gá wí.

"Kò pé, sà."

Ìwàlẹwà dìde fún un láìwo ojú rẹ̀. Ọdúntán fi dísíkẹ́ẹ̀tì sínú ẹ̀rọ, ó gbé fáìlì tirẹ̀ sórí ti ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ bi í pé ṣé kí òun pa ti àtijọ́ rẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ètò bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn na ọrùn.

Ilé tò sójú ẹ̀rọ.

"Ẹ bi í nípa abúlé tó wà lẹ́yìn odò," Ìyáàfin Oyèṣọlá ní. "Àwọn ọmọ mi ní àwọn ti dé gbogbo ibẹ̀."

Ọdúntán bi í. Ẹ̀rọ ní ó ku ilé méjì.

Obìnrin náà yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó dúró nídìí fèrèsé. Ọ̀kan nínú wọn ń wo bàtà rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́? Ó ku méjì! Ẹ̀rọ tó jókòó síbí mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn ò mọ̀ ọ́n!" Ẹ̀rín ta. Ó yí padà sí Ọ̀gbẹ́ni Awóníyì. "Àwọn ọmọ yìí ni yóò máa wá?"

"Àwọn náà ni, mà."

"Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Wọ́n pín mínírà. Ọ̀gá tún táì rẹ̀ so. Ọdúntán bọ́ síta lọ gbọn eruku ara rẹ̀, nígbà tó sì padà wọlé, Ìwàlẹwà ti jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ti ṣí ìwé Ọdúntán tó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì náà. Ìka rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lójú ẹ̀rọ láti ìlà dé ìlà. Ó dúró ní ibì kan, ó tún ń lọ.

"O lè ti yí tèmi padà sí ilé," ó wí, kò yíjú. "Ìwé àtijọ́ wà lọ́dọ̀ yín."

"Ó wà."

"Ìyẹn ló yá jù."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ọdúntán ti tò sílẹ̀ fún ọjọ́ Ẹtì, èyí tó dùn bí oyin tó ti ń dá sọ lórí ọ̀kadà, kò rí ọ̀kan mú nínú wọn. "Bàbá yín ò ṣẹ̀ mí," ó wí. "Wọ́n kí mi, wọ́n ń lọ ulé wọn. Mo fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ìwàlẹwà, má bínú."

Níta, ẹnì kan ń pe èrò Iléṣà.

"Mo ti kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó pé mò ń bọ̀," ó wí.

"O ti fi ránṣẹ́?"

"Ó wà nínú báàgì mi." Ó pa kọ̀ǹpútà, ó gbé báàgì náà kọ́ èjìká. "Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Mo ṣì fẹ́ bínú díẹ̀ sí i. Ẹni tó o ṣẹ̀ wà nílé lónìí, kò lọ sóko."

"Kí n wá?"

"Ọkọ̀ ti ń kún."

Wọ́n jókòó nínú ọkọ̀ Iléṣà, obìnrin kan tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé ẹsẹ̀ sì wà láàárín wọn. Àwọn méjèèjì ń wo ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ kúrò ní Òṣú ni Ìwàlẹwà tẹ̀ síwájú, ó wò ó kọjá orí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Tí bàbá mi bá ní níbo lò ń gbé, kí lo máa sọ?"

"Ulé wa wà ní Ọ̀fàtẹ̀dó, sà."

Èjí hàn, kò pẹ́, ó tún lọ. "O ò pè é dáadáa. Wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín," ni obìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ wí. "Ẹ sún mọ́ ara yín jàre, ẹ̀ ń pariwo sí mi létí."